Ìlú Kẹta

Owó ilé ń gòkè ní Seattle bí omi tó ń hó.
Onílé kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn mọ́,
lẹ́tà ló ń tì bọ abẹ́ rẹ̀.
Nígbà tí Imelda ka èyí tó dé lóṣù kẹta,
ó rọra ká a pọ̀, ó fi há ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.
Ó ní, "Ó kúkú wúlò fún nǹkan kan."
Alẹ́ ọjọ́ náà la tẹ́ máàpù sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìwé owó iná la kọ ohun tí à ń wá sí:
ilé tí owó nọ́ọ̀sì kan àti ti atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan lè ká;
òpópónà tí Noemi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
lè dá rìn dé ilé ìwé;
àti èèyàn oríṣiríṣi,
nítorí Cebu ni ìyá Imelda ti wá,
bàbá bàbá tèmi sì já òwú ní Mississippi,
kí ọmọ wa má lọ di ẹyọ àgbàdo pupa kan
nínú odidi ṣírí funfun.

Ìlú àkọ́kọ́ lẹ́wà bí àwòrán kàlẹ́ńdà,
koríko rẹ̀ gún bí irun orí ṣọ́jà.
A wọ ilé oúnjẹ. Ṣíbí dúró nínú kọfí.
Kò sẹ́ni tó bú wa o.
Obìnrin kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín,
ó bi wá pé níbo là ń kọjá lọ.
Ó ti bá wa di ẹrù tí a kò tíì sọ̀.

Ní ìlú kejì, ilé kò wọ́n ju ọkọ̀ àlòkù lọ.
Ó yẹ ká ti fura.
Ilé iṣẹ́ irin ti kógbá sílé,
ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì nà gbalaja lẹ́bàá ilé epo,
ètè rẹ̀ ti ń dúdú bí aró.
Awakọ̀ tó wá gbé e mọ orúkọ rẹ̀.
"Dustin, dìde. Dustin,"
bí ẹni ń jí ọmọ fún ilé ìwé.
Ọgọ́ta máìlì, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ wa.

Pell Creek kò sí lórí ìwé wa.
Táyà ló bẹ́, òjò ló ń rọ̀.
Abdirashid ló pààrọ̀ rẹ̀ fún wa,
ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún méje nílé ìpẹran kó tó yá ṣọ́ọ̀bù.
Arlene Vogel, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
ló ń bá a ṣírò owó.
Wọ́n jà níṣojú wa lórí ibi tí jáàkì wà,
wọ́n jà bí ọmọ ìyá, láìwo ojú àlejò.
Imelda fi ìgbúnwọ́ gún mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kẹ̀kẹ́ Noemi kò sí níwájú òtẹ́ẹ̀lì.
Mo ní, "Ó parí." Mo ti ń kó aṣọ sínú àpò
kí Arlene tó dé, tó ti kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́:
òun rí i nínú òjò lálẹ́, òun gbé e wọlé,
irú òbí wo ló ń fi irin ọmọ sílẹ̀ kó dípẹtà?
Èmi, tí mo ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun!
Ó bá mi wí títí ètè fi gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.
Kò sẹ́ni tó bá mi wí rí ní Seattle.
Wọn kò mọ̀ pé mo wà.

N kò ní purọ́. Òrùlé ilé tí a rà ń jò,
odò máa ń kún lóṣù kẹrin,
ọkùnrin kan sì wà ní ìparí òpópónà wa
tó ta àsíá tí n kò fẹ́ rí.
A kì í kí ara wa.

Ṣùgbọ́n Noemi ń dá rìn lọ sílé ìwé.
Láti ojú fèrèsé ni mo ti máa ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀,
ogóje kó tó dé kọ̀rọ̀.
Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo ń wá ìbọ̀sẹ̀ mi,
mo gbàgbé láti kà á.